Ilẹ̀kùn kéékèèké inú ara: Ohun kan náà tó ń mú ọkàn lù ló ń mú kí ojú mọ́ kedere

Bí èèyàn bá gbé ọwọ́ lé àyà, á gbọ́ bí ọkàn ṣe ń lù kì, kì, kì. Láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, ọkàn àgbàlagbà máa ń lù tó ìgbà 100,000. Àìmọye sẹ́ẹ̀lì ló wà nínú ẹran ọkàn yìí, síbẹ̀ ṣe ni wọ́n ń fún pọ̀ létòlétò, tí wọ́n á tún dẹ̀ létòlétò, bí ẹni pé ẹnì kan ń lu ìlù fún wọn. Ta ló ń sọ fún wọn?

Ẹ jẹ́ ká tún wo ojú. Dígí kékeré kan wà lẹ́yìn ọmọlójú, òun ni àwọn dókítà ń pè ní lẹ́ǹsì. Kò sí iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan nínú rẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ á dínà mọ́ ìmọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ohun tó bá wà láàyè gbọ́dọ̀ jẹun. Ta ló ń gbé oúnjẹ lọ fún un?

Ìdáhùn kan náà ló wà fún ìbéèrè méjèèjì. Ìdílé purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní connexin ni.

Kí ni connexin ń ṣe gan-an?

Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan dà bíi yàrá tó ní ògiri tirẹ̀. Connexin mẹ́fà á dúró yí ká nínú ògiri náà, bí ìgbà tí èèyàn mẹ́fà bá di ara wọn lọ́wọ́ mú, ihò kékeré á wá ṣẹ́ kù láàárín wọn. Sẹ́ẹ̀lì tó múlé gbè é náà á to mẹ́fà tirẹ̀. Nígbà tí ihò méjèèjì bá kanra, ọ̀nà kan là nìyẹn láti yàrá kan bọ́ sí èkejì, láì gba ìta kọjá. Ọ̀nà yìí ni wọ́n ń pè ní gap junction. Lọ́dún 1967, Revel àti Karnovsky fi ẹ̀rọ awòfínnífínní hàn bí àwọn ọ̀nà yìí ṣe tò jọ nínú ọkàn àti ẹ̀dọ̀ eku.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló ń gba ibẹ̀ kọjá o. Iyọ̀ ara bíi potassium àti calcium, ṣúgà, àti àwọn èròjà kéékèèké tó ń jíṣẹ́ láàárín sẹ́ẹ̀lì lè kọjá. Purotéènì ńlá kò lè kọjá. Ilẹ̀kùn náà sì máa ń ṣí, ó máa ń tì.

Oríṣi connexin 21 ló wà lára èèyàn. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀, bíi Cx43 tàbí Cx50. Nọ́ńbà yẹn ń tọ́ka sí bí purotéènì náà ṣe wúwo tó.

Nínú ọkàn: ìròyìn tó ń ti ilé dé ilé

Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà lókè apá ọ̀tún ọkàn tó ń dá iná kékeré sílẹ̀ fúnra wọn, nǹkan bí ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan. Iná yìí á gba ẹnu ilẹ̀kùn connexin láti sẹ́ẹ̀lì kan dé èkejì. Yàrá òkè ọkàn á kọ́kọ́ fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì ṣàn sí yàrá ìsàlẹ̀.

Ibi tí iná náà ti máa bọ́ sí ìsàlẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Ilẹ̀kùn kò pọ̀ níbẹ̀, àwọn tó wà sì há. Iná á falẹ̀ fún nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Ìdádúró yẹn ló ń jẹ́ kí yàrá ìsàlẹ̀ rí ẹ̀jẹ̀ gbà kún kó tó fún un jáde. Lẹ́yìn náà, iná á sáré wọ yàrá ìsàlẹ̀, níbi tí Cx43 ti pọ̀ bí i yanrìn, gbogbo rẹ̀ á sì fún pọ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà.

Tí Cx43 ò bá sí ńkọ́? Lọ́dún 2001, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn eku tí wọ́n yọ Cx43 kúrò nínú ọkàn wọn nìkan. Ọkàn eku wọ̀nyí ń fún ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa. Àmọ́ kí wọ́n tó pé oṣù méjì, gbogbo wọn ti kú lójijì, torí pé lílù ọkàn wọn dàrú.

Irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí èèyàn tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn rẹ̀ bá dí. Sẹ́ẹ̀lì tí kò rí ẹ̀jẹ̀ á kan bí ọtí, calcium á kún inú rẹ̀, ilẹ̀kùn á sì tì. Èyí dáa lápá kan, torí pé sẹ́ẹ̀lì tó ń kú kò ní fa aládùúgbò rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n iná ọkàn á ṣìnà, á máa pòòyì lójú kan, ọkàn á sì máa gbọ̀n dípò kó lù. Ìdí nìyẹn tí àyà ríro tó le, tó ń ràn dé apá tàbí àgbọ̀n, fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi àgbo dúró dè.

Nínú ojú: oúnjẹ fún ẹni tí kò ní ìdáná

Kí ìmọ́lẹ̀ lè kọjá, àwọn sẹ́ẹ̀lì inú lẹ́ǹsì máa ń da ọ̀pọ̀ ẹrù inú wọn nù bí wọ́n ṣe ń dàgbà, títí kan ibi tí jíìnì ń gbé. Wọn ò lè ṣe purotéènì tuntun mọ́. Àwọn tó wà ní àárín gbùngbùn sì ti wà níbẹ̀ láti inú oyún.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì etí lẹ́ǹsì ló ń bá wọn wá oúnjẹ. Cx46 àti Cx50 ló ṣí ọ̀nà sílẹ̀ láàárín wọn: ṣúgà àti èròjà tí kì í jẹ́ kí wọ́n bàjẹ́ ń wọlé, iyọ̀ tó pọ̀ jù ń jáde. Bí ọ̀nà yìí bá bàjẹ́, calcium á kún, purotéènì inú lẹ́ǹsì á sì dì pọ̀. Ṣe ló máa funfun bí omi ẹyin tó rí iná. Ohun tí wọ́n ń pè ní kátáráàtì nìyẹn.

Ìwádìí lára eku fi èyí hàn lọ́dún 1997 àti 1998. Àwọn tí kò ní Cx46 ní kátáráàtì ní àárín lẹ́ǹsì. Ojú àwọn tí kò ní Cx50 kéré, kátáráàtì sì mú wọn pẹ̀lú.

Ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ èèyàn náà. Bí jíìnì Cx46 tàbí Cx50 bá ní àṣìṣe, wọ́n lè bí ọmọ pẹ̀lú kátáráàtì. Bí òbí kan bá ní irú jíìnì bẹ́ẹ̀, ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún ni àǹfààní pé ọmọ kọ̀ọ̀kan á jogún rẹ̀. Ó tún lè bẹ̀rẹ̀ lára ọmọ tí òbí rẹ̀ méjèèjì ríran dáadáa. Kì í ṣe iṣẹ́ ayé, ìyá kọ́ ló sì fà á. Kì í sì í ṣe gbogbo kátáráàtì ọmọ tuntun ló wá láti ọ̀dọ̀ connexin. Àrùn rubella nínú oyún náà lè fà á.

Ohun tó yẹ kí òbí ṣe

Bí ohun funfun bá hàn láàárín ojú ọmọ, tàbí ojú rẹ̀ kò dúró sójú kan, ẹ gbé e lọ bá dókítà ojú lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ọpọlọ ọmọ ń kọ́ bí a ṣe ń ríran. Bí ìmọ́lẹ̀ ò bá wọlé nígbà náà, iṣẹ́ abẹ tó pẹ́ lè má dá ìríran náà padà tán. Funfun yẹn tún lè jẹ́ àmì jẹjẹrẹ ojú. Ẹ má fi omi ọmú tàbí àgbo sí i.

Fún àgbàlagbà tí kátáráàtì ti mú, iṣẹ́ abẹ ni ìwòsàn tó dájú. Ẹ sá fún àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ ti dígí ojú wọ inú, torí ọ̀pọ̀ ló ti ibẹ̀ fọ́jú pátápátá.

Nínú ọkàn, láàárín wákàtí díẹ̀ ni ara ń pààrọ̀ ilẹ̀kùn connexin tó ti gbó. Àwọn ti àárín lẹ́ǹsì kò ní ìpààrọ̀. Èyí tí wọ́n bí èèyàn mọ́ ló máa lò dọjọ́ alẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí á yẹra fún sìgá, kí á dáàbò bo ojú lọ́wọ́ oòrùn líle, kí á sì ṣọ́ ìtọ̀ ṣúgà, nítorí gbogbo wọn ló ń mú kátáráàtì yá.