Kí ni Mùsùlùmí ń Wá Lọ sí Ìdí Sàréè?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí a máa dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn tí wọ́n jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan náà. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí Mùsùlùmí máa bẹ sàréè wò?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù, Ànábì Mùhámmádù ṣe é léèwọ̀. Àlàyé àwọn onímọ̀ ni pé àwọn ènìyàn ìgbà náà kò tíì jìnnà sí ìbọ̀rìṣà. Nígbà tí ìgbàgbọ́ wọn fìdí múlẹ̀, ó yọ̀ǹda rẹ̀, nítorí pé sàréè a máa rán alààyè létí pé àwáyé-àìkú kò sí. Òun fúnra rẹ̀ a máa lọ sí itẹ́ òkú Bàkíì ní Mèdínà, a kí àwọn òkú, a sì tọrọ àforíjì fún wọn lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ọ̀rọ̀ méjì ni kí a mú níbẹ̀: ‘fún’ àti ‘lọ́wọ́’. A tọrọ fún òkú. A tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹni tí ó bá tọrọ ọmọ tàbí owó lọ́wọ́ òkú ti bọ́ sínú ohun tí èèwọ̀ àkọ́kọ́ ń dènà.

Ewu yìí kò jìnnà sí àwa Yorùbá, nítorí pé kí kéwú tó dé ni àwọn baba wa ti ń ké sí òkú pé kí ó má sùn lọ́run. Ní Òkè-Ẹ̀rí, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ni sàréè tí a ní ó jẹ́ ti Bìlíkísù Súńgbọ́ wà. Ọ̀pọ̀ gbà pé òun ni ọbabìnrin tí ó lọ bá Ànábì Sùlàímọ́nù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Àlùkùránì kò dárúkọ rẹ̀. Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ni wọ́n ń lọ síbẹ̀. Ẹni méjì lè jọ tẹ́ ọwọ́ àdúà níbẹ̀, kí ọ̀kan máa tọrọ fún un, kí èkejì máa tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni àwọn onímọ̀ kò fi ohùn ṣọ̀kan lé lórí: ‘nítorí’. Ṣé a lè bẹ Ọlọ́run nítorí ọlá ẹni rere tí ó sùn síbẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Tìjáníyà gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń tẹ̀lé ẹ̀kọ́ Wahabi kọ̀ jálẹ̀. Àwọn ni wọ́n wó àwọn ilé tí a kọ́ sórí sàréè Bàkíì láàárín 1925 sí 1926.

Nítorí náà, kí a tó pe aládùúgbò wa ní abọ̀rìṣà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ẹsẹ̀ tí ó gbé e dé ìdí sàréè nìkan kò tó ṣe ẹlẹ́rìí.