Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ìdènà tó wà lẹ́yìn èèkù ìbọn ìléwọ́

Ọdẹ tí ó gbé ṣakabùlà kọ́ èjìká ní abúlé ẹ̀bá Mọ́níyà, ọmọ Ògún lákáayé, mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìdáàbòbò ìbọn òun wà ní ọwọ́ òun fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbọn ìléwọ́ Colt tí John Browning ṣe, tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tẹ́wọ́ gbà ní 1911, ní irin kan lẹ́yìn èèkù rẹ̀, tí ó jẹ́ pé àfi bí àtẹ́lẹwọ́ bá tẹ̀ ẹ́ wọlé ni irin tí ìka ń fà yóò tó lè rìn.

Ọgbọ́n náà jinlẹ̀, àmọ́ ọmọ ìka kò dọ́gba, àtẹ́lẹwọ́ náà kò sì dọ́gba. Ẹni tí ó bá gbé àtàǹpàkò sókè bí ó ti di èèkù mú, àlàfo lè wà láàárín ọwọ́ rẹ̀ àti irin yìí. Yóò fà á títí, ìbọn yóò yadi. Ìdí nìyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn fi ṣe gegele sí ìsàlẹ̀ irin náà, kí àtẹ́lẹwọ́ lè bá a pàdé. Àwọn kan a tilẹ̀ dè é mọ́lẹ̀ pátápátá. Lójú tèmi, ẹni tó pa ajá ilé rẹ̀ nítorí pé ó ń gbó ni wọ́n. Òòlù ìbọn náà a sì máa bu ẹran ọwọ́ jẹ, èyí tí ó mú kí wọ́n fa ìrù irin yìí gùn ní àwọn ọdún 1920.

Ìbọn ìléwọ́ Hi-Power ti 1935, tí Browning bẹ̀rẹ̀ kí ó tó kú, kò ní irú ìdènà yìí rárá.

Ní Nàìjíríà, òfin ìbọn 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìgba ìwé àṣẹ Ààrẹ. Ọ̀wọ́ mìíràn ni òfin náà to ṣakabùlà sí.