Bíbéèrè fún Àyè ní Yunifásítì Amẹ́ríkà: Ipa Olùkọ́ ní Ilẹ̀ Rẹ́mọ

Ìfáárà
Àjọṣe ilẹ̀ Rẹ́mọ àti Amẹ́ríkà nípa ètò ẹ̀kọ́ kì í ṣe ohun tuntun. Nígbà tí Táí Ṣólàrín dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọdún 1956, Mayflower ni ó sọ ọ́, èyí tí í ṣe orúkọ ọkọ̀ ojú omi tí ó kó àwọn tí ń wá òmìnira ẹ̀sìn láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1620. Ní Ìlíṣàn, Yunifásítì Babcock, tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ọdún 1959 tí ó sì di yunifásítì ní ọdún 1999, ń jẹ́ orúkọ David Babcock, míṣọ́nnárì ọmọ Amẹ́ríkà tí ó mú ìjọ Adventist wọ Nàìjíríà ní ọdún 1914. Síbẹ̀, ìlànà bíbéèrè fún àyè ní Amẹ́ríkà ṣì máa ń rú akẹ́kọ̀ọ́ lójú. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ìlànà náà, ó sì fi ojúṣe olùkọ́ nínú rẹ̀ hàn.

Ìyàtọ̀ sí ìlànà JAMB
Láti ọdún 1978 ni ìjọba Nàìjíríà ti dá JAMB sílẹ̀, máàkì ìdánwò rẹ̀ sì ni ó ń lérí jù nínú ìgbaniwọlé. Amẹ́ríkà kò ní irú àjọ bẹ́ẹ̀. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ni ó ń yan akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojúlé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Common App, ń gba ìwé fún èyí tí ó lé ní 1,000 nínú wọn. Ohun gbogbo ni wọ́n ń kà pọ̀: èsì WAEC, àkọsílẹ̀ máàkì láti kíláàsì, èsì SAT níbi tí wọ́n bá ti béèrè fún un, àròkọ nípa ara ẹni, àti ìwé ìjẹ́rìí olùkọ́. Nítorí pé oṣù Ògún tàbí Ọ̀wẹwẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ yunifásítì sì ń ti ilẹ̀kùn ní àyíká oṣù Ṣẹrẹ, ó yẹ kí ìmúrasílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ ṣáájú.

Ipò ìwé-ẹ̀rí NCE
Ọ̀rọ̀ yìí kan akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni gan-an. NCE kì í ṣe digirì. Ẹni tí ó ní i nìkan kò lè wọ ẹ̀kọ́ másítà lásán. Ó lè béèrè fún digirì àkọ́kọ́, kí ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ka díẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ tí ó ti kọ́ sí i lọ́rùn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gba owó lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé NCE yóò gbé e dé másítà tààrà, ẹ̀tàn ni ó ń ṣe.

Àròkọ àti ìwé ìjẹ́rìí
Nínú àṣà Yorùbá, àléébù ni kí ènìyàn máa yin ara rẹ̀. Èyí ni ó fà á tí àròkọ ọ̀pọ̀ ọmọ wa fi ń kún fún àdúrà àti ọpẹ́, tí ohun tí wọ́n ṣe kò sì hàn. Kì í ṣe ìyìn ni wọ́n ń béèrè, ẹ̀rí ni. Bákan náà ni ìwé ìjẹ́rìí tí ó sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ ‘ọmọ jẹ́jẹ́, olùtẹríba’ kò ràn án lọ́wọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ọmọ ayò kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ní ìṣirò nígbà tí ó ń fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, kí olùkọ́ kọ bí ó ṣe ṣe é àti ohun tí àwọn ọmọ náà mọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ìmọ̀ ilé kì í ṣe ẹrù ìtìjú. Babs Fáfúnwá gba digirì ní Bethune-Cookman ní ọdún 1950, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì New York ní ọdún 1955. Nígbà tí ó padà dé, ó darí ètò Ifẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà.

Owó àti físà
Harvard, Yale, Princeton àti MIT kì í fi àìlówó kọ akẹ́kọ̀ọ́ digirì àkọ́kọ́, ọmọ òkèèrè pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni wọ́n ń gbà. Fún másítà àti ọ̀mọ̀wé, iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ ìkọ́ni tàbí ìwádìí lè san owó ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn ìgbaniwọlé ni fọ́ọ̀mù I-20 ń jáde, tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò san owó SEVIS, tí í ṣe dọ́là 350 láti ọdún 2019, kí ó tó lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Ìgbaniwọlé yàtọ̀ sí físà. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí ìkéde tí ó dá físà akẹ́kọ̀ọ́ tuntun fún ọmọ Nàìjíríà dúró láti ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹrẹ ọdún 2026, àfi àwọn tí ó yọ sílẹ̀. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ wo ibi tí òfin dé lọ́dọ̀ EducationUSA tàbí ilé-iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà kí ó tó san owó kankan. Ó sì lè béèrè lọ́wọ́ yunifásítì pé kí wọ́n bá òun sún àyè síwájú.

Ìkádìí
Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Olùkọ́ kò ní agbára lórí físà, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ máàkì tí ó pé, ìwé ìjẹ́rìí tí ó ní ẹ̀rí, àti òótọ́ nípa ipò NCE wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ó yẹ kí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni fi kíkọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kún ohun tí wọ́n ń kọ́ olùkọ́ ọ̀la.