Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Lórí Fóònù

Ní ọdún 1971 ni Ìjọba Àpapọ̀ dá Industrial Training Fund sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ó ní òṣìṣẹ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ máa dá náírà 1 síbẹ̀ lórí 100 tí ó bá san fún òṣìṣẹ́. Bí ó bá kọ́ wọn níṣẹ́, ó lè gba tó ìdajì padà.

Ní Ìlúpéjú, fóònù lè ṣe olùkọ́. Ẹ ó wo fídíò bí a ṣe ń pa ẹ̀rọ kí a tó tú u. Bí kò bá yé yín, ẹ tún un wò. Ọ̀gá wo ni yóò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá? Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ ewu, kíkà ni o! Ẹni tí kò lè kà á yóò kàn máa tẹ “Mo ti gbọ́” lásán ni, ìka rẹ̀ ni yóò sì fi san án.

Bí owó òṣìṣẹ́ kò bá gòkè lẹ́yìn ẹ̀kọ́, yóò gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ sí Ìkẹjà. Fóònù kò lè dá a dúró.