Bí A Ti Ń Wádìí Àléébù Abẹ̀bẹ̀ Dróònù, àti Bí A Ti Ń Tún Un Ṣe

Dróònù ni ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú, tí ẹni tí ó dúró nílẹ̀ ń fi ẹ̀rọ ọwọ́ darí. Àwọn kan ń fi í ya àwòrán níbi ìgbéyàwó àti òkú àgbà, àwọn mìíràn ń fi í wo oko, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì ń fi í ṣeré. Bí dróònù bá kọlu igi, tàbí tí ó bá já lulẹ̀, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, èyíinì ni ike pẹlẹbẹ tí ń yí lórí rẹ̀, ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ fara gbá. Nígbà náà, ẹlòmíràn a sáré lọ ra ẹ́ńjìnnì tuntun, ẹlòmíràn a sì ju gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, nígbà tí ó jẹ́ pé ike kékeré tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ni ó fa wàhálà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ẹni tí yóò tún dróònù ṣe ní láti kọ́kọ́ mọ ìka tí ó ṣẹ̀.

IṢẸ́ ABẸ̀BẸ̀ MẸ́RIN

Dróònù tí ó wọ́pọ̀ ní apá mẹ́rin. Ní ìpẹ̀kun apá kọ̀ọ̀kan ni ẹ́ńjìnnì iná kékeré kan wà, abẹ̀bẹ̀ sì wà lórí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì náà. Bí abẹ̀bẹ̀ bá ń yí, a máa ti afẹ́fẹ́ sí ìsàlẹ̀, dróònù a sì gbéra. Ṣùgbọ́n ohun tí ń yí sí apá kan a máa fẹ́ yí ara tí ó gbé e dúró sí apá kejì. Nítorí náà ni a fi ṣe é kí abẹ̀bẹ̀ méjì máa yí bí ọwọ́ aago ti ń lọ, kí méjì yòókù sì máa yí lódì sí i. Àwọn tí ó wà ní igun sí igun, bí ti iwájú lápá òsì àti ti ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, ni ó ń yí sí apá kan náà. Ọgbọ́n abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin kì í ṣe tuntun: ní ọdún 1924, Étienne Oehmichen, ará ilẹ̀ Faransé, wọ ẹ̀rọ tí abẹ̀bẹ̀ ńlá mẹ́rin gbé sókè, ó sì fò yí ká ní ìwọ̀n kìlómítà kan.

Bí ọ̀kan nínú mẹ́rin bá rẹ̀wẹ̀sì, dróònù a fì sí igun ibẹ̀. Bí ó bá dúró pátápátá, dróònù a dojú dé. Bí ó bá ń yí ṣùgbọ́n tí kò dọ́gba, gbogbo ara dróònù a máa gbọ̀n, ariwo rẹ̀ a sì yí padà.

KÍ A TÓ FỌWỌ́ KÀN ÁN

Ohun àkọ́kọ́ ni kí a yọ bátìrì kúrò. Kò tó kí a kàn pa dróònù náà, nítorí abẹ̀bẹ̀ tí ó bá ṣèèṣì yí lè gé ìka, ó sì lè fọ́ ojú. Kí a yẹ bátìrì náà wò pẹ̀lú. Bí ó bá ti wú, tàbí tí ara rẹ̀ ti ya, a kò gbọdọ̀ lò ó mọ́, a kò gbọdọ̀ fi iná sí i, a kò sì gbọdọ̀ gún un, nítorí ó lè gbiná lójijì. Kí a gbé e síta, kí ó jìnnà sí ilé, sí epo, àti sí ọwọ́ ọmọdé.

ABẸ̀BẸ̀ NI KÍ A KỌ́KỌ́ YẸ̀ WÒ

Kí a yọ abẹ̀bẹ̀ tí a fura sí, kí a gbé e sí ìmọ́lẹ̀, kí a sì fi wé èyí tí kò bàjẹ́. Etí tí ó ti hán, ìlà funfun níbi tí ike ti tẹ̀, tàbí ihò àárín tí ó ti gbòòrò, gbogbo wọn ni àmì pé abẹ̀bẹ̀ náà ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Kò yẹ kí a fi àtè lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ibi tí a lẹ̀ yóò wúwo ju ìyókù lọ, dróònù yóò máa gbọ̀n, ó sì lè já kúrò nígbà tí ó bá ń sáré yí. Bí apá abẹ̀bẹ̀ bá jẹ́ méjì lórí ẹ́ńjìnnì kan, gẹ́gẹ́ bí ti dróònù Mini 2 tí ilé iṣẹ́ DJI gbé jáde ní ọdún 2020, kí a pààrọ̀ méjèèjì pọ̀, kí ìwọ̀n wọn lè dọ́gba.

Ẹ̀wẹ̀, abẹ̀bẹ̀ tuntun tí a fi sí àyè tí kì í ṣe tirẹ̀ yóò ti afẹ́fẹ́ sókè dípò ìsàlẹ̀, dróònù yóò sì dojú dé bí ó bá ti fẹ́ gbéra. Àmì tàbí lẹ́tà sábà máa ń wà lára rẹ̀ tí ó ń fi àyè rẹ̀ hàn. Bí àmì náà bá ti parẹ́, kí a wo etí rẹ̀ méjèèjì: etí tí ó ga ju èkejì lọ ni ó gbọdọ̀ máa ṣáájú bí ó bá ń yí.

Ọ̀PÁ ÀTI Ẹ́ŃJÌNNÌ

Bí abẹ̀bẹ̀ kò bá ní àléébù, kí a fi ìka yí ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí a sì fi wọ́n wé ara wọn. Èyí tí ó bá le ju àwọn yòókù lọ, tàbí tí ó ń dún bí ẹni ń rin iyanrìn, ni kí a mú. Irun àti òwú a máa wé mọ́ ìdí ọ̀pá. Ẹ̀mú kékeré tàbí abẹ́rẹ́ ni a fi ń yọ ọ́. Eruku ọyẹ́ àti iyanrìn, kí a fẹ́ ẹ jáde. Ṣùgbọ́n èérún irin kì í gba fífẹ́, nítorí òòfà inú ẹ́ńjìnnì ti dì í mú. Tépù alẹ̀mọ́ ni kí a fi gbà á. Bí ọ̀pá bá ti wọ́, orí rẹ̀ yóò máa fì bí ó bá ń yí. A kì í fi òòlù nà án, a máa ń pààrọ̀ rẹ̀ ni.

Irú ẹ́ńjìnnì méjì ni ó wà. Àwọn dróònù kéékèèké, bí Tello tí ó wọn nǹkan bí 80 gíráàmù, ń lo èyí tí wáyà rẹ̀ jẹ́ méjì. Nínú rẹ̀ ni irin kékeré kan ti ń ha ọ̀pá láti gbé iná wọlé. Bí irin náà bá jẹ tán, kò sí àtúnṣe mọ́. Àwọn dróònù tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ń lo onígbà wáyà mẹ́ta, tí kò ní irin tí ń hara, ó sì ń pẹ́ jù.

ÌDÁNWÒ PÀṢÍPÀÀRỌ̀

Ìdánwò kan wà tí ń fi ẹlẹ́bi hàn láìná owó. Kí a fi abẹ̀bẹ̀ tí a fura sí pààrọ̀ èyí tí ó wà ní igun tí ó kọjú sí i, nítorí apá kan náà ni wọ́n ń yí sí. Bí àrùn náà bá bá abẹ̀bẹ̀ lọ, abẹ̀bẹ̀ ni ó ṣẹ̀. Bí ó bá dúró sí apá tí ó wà tẹ́lẹ̀, kí a pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì méjèèjì bákan náà. Bí àrùn bá bá ẹ́ńjìnnì lọ, a ti mọ ohun tí a ó rà. Bí kò bá kúrò níbẹ̀ síbẹ̀, wáyà tàbí bọ́ọ̀dù tí ń pín iná ni kí a yẹ̀ wò.

Ẹ́ńjìnnì oníwáyà mẹ́ta tí ọ̀kan nínú wáyà rẹ̀ bá já kì í yí; yóò kàn máa gbọ̀n lójú kan ni. Kí a tètè dá a dúró, kí bọ́ọ̀dù má baà jó, kí a sì fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà náà padà. Bí a bá ṣi méjì nínú mẹ́ta fi sí àyè ara wọn, ẹ́ńjìnnì yóò máa yí sẹ́yìn. Bákan náà, ìṣó oníyíyí tí a bọ́ ni kí a dá padà. Èyí tí ó bá gùn jù yóò gún wáyà inú ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì tuntun yóò sì bàjẹ́ lọ́jọ́ tí a rà á.

LẸ́YÌN ÀTÚNṢE

Kí a kọ́kọ́ tan dróònù láìfi abẹ̀bẹ̀ sí i, kí a rí i pé ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ń yí sí apá tí ó yẹ. Lẹ́yìn náà, kí a fi abẹ̀bẹ̀ sí i, kí a gbé e sórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí a sì jìnnà sí i ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, ó kéré tán. Kí ó gbéra dé orúnkún, kí ó dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí a sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí a bá ti yọ bátìrì, kí a fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tí ó bá gbóná ju àwọn yòókù lọ ṣì ń jìyà, iṣẹ́ kò tíì parí.

Ẹni tí ó bá ń gbé Nàìjíríà kò gbọdọ̀ gbàgbé láti béèrè ohun tí òfin wí lọ́wọ́ NCAA, àjọ tí ń bójútó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú, kí ó tó gbé dróònù rẹ̀ lọ sí ojú ọ̀run. Kò sì gbọdọ̀ fò ó lórí ọjà tàbí àwùjọ, pàápàá lẹ́yìn àtúnṣe. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti ara abẹ̀bẹ̀, tí ó ń gba ọ̀nà yìí lọ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, yóò fi owó rẹ̀ pamọ́, ìka rẹ̀ yóò pé, dróònù rẹ̀ yóò sì tún fò.