ÌWÉ KÍKÀ ÀTI Ẹ̀TỌ́ ỌMỌ ÌLÚ

Ẹ̀yin ará, ohun tí a fẹ́ là yé yín ni bí ẹ̀kọ́ ti lè gbé ẹni tí a rẹ̀ sílẹ̀ nítorí àwọ̀ ara rẹ̀ dìde, kí ó sì di ọmọ ìlú tòótọ́. Àpẹẹrẹ wa ti Amẹ́ríkà wá, láti Johns Island, erékùṣù kan nítòsí Charleston ní ìpínlẹ̀ South Carolina.

Ní ibẹ̀, òfin béèrè pé kí tálákà tí ó fẹ́ dìbò kọ́kọ́ ka apá kan nínú ìwé òfin ìpínlẹ̀ náà. Bí a bá wo òde rẹ̀, ti dúdú ti funfun ni òfin yìí bá wí. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba fi fún àwọn dúdú kò tó ti àwọn funfun rárá. Àwọn tí wọ́n fi ẹ̀kọ́ dù wọ́n ni wọ́n tún ń fi àìmọ̀wé wọn dí wọn lọ́nà.

Esau Jenkins, ẹni tí ń fi ọkọ̀ kó èrò lọ sí Charleston, a máa kọ́ àwọn èrò rẹ̀ ní òfin yìí lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n èyí kò tó. Òun àti Septima Clark, olùkọ́ tí a lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 1956 nítorí ẹgbẹ́ tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn dúdú, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ Highlander ní Tennessee, dá ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ sílẹ̀ fún àwọn àgbà ní January 7, 1957, nínú yàrá lẹ́yìn ìsọ̀ kan. Bernice Robinson, onídìrí, ni olùkọ́ àkọ́kọ́. Ó pa ìwé ọmọdé tì, ó sì bi àwọn àgbà náà ní ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀: bí a ti ń kọ orúkọ ẹni, bí a ti ń ka Bíbélì, bí a ti ń fi owó ránṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, àti bí a ti ń ka òfin. Àwọn baba wa wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ní 1961, ẹgbẹ́ tí Martin Luther King ń ṣe olórí rẹ̀ gba iṣẹ́ náà, ó sì tàn ká ìhà gúúsù. Fannie Lou Hamer, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní oko òwú ní Mississippi, gba ẹ̀kọ́ yìí ní 1963. A mú un nígbà tí ó ń ti ibẹ̀ bọ̀, a sì lù ú nínú ẹ̀wọ̀n. Ní 1964, ó rò ó ní gbangba, gbogbo orílẹ̀-èdè sì gbọ́. Ní 1965, òfin titun dá ìdánwò ìwé kíkà náà dúró.

Kì í ṣe ìwé kíkà nìkan ni ó wó odi náà. Òfin búburú ni a ní láti yí padà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ohun tí òfin wí kò lè mọ ibi tí a ti rẹ́ òun jẹ. Nítorí náà, bí a bá kọ́ ènìyàn ní A B D, tí a kò kọ́ ọ ní ẹ̀tọ́ àti ojúṣe rẹ̀ láàrin ìlú, àbọ̀ ẹ̀kọ́ ni a fún un.