Psychologie kì í ṣe ọ̀rọ̀ wèrè

 

Ọ̀rọ̀ tá a gbé wá lónìí, orúkọ Faransé rẹ̀ lẹ mọ̀: psychologie. Bí olùkọ́ bá sọ fún òbí pé kí wọ́n mú ọmọ lọ rí psychologue, ohun tí wọ́n ń gbọ́ ni pé, "Ọmọ yín ti ya wèrè." Ìyá á bú sẹ́kún. Bàbá á ní kò sí wèrè nínú ìran òun. Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn, wọn ò ní lọ mọ́, ọmọ ló sì ń jìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká là á yé ara wa. Psychiatre ni dókítà tó ń tọ́jú àrùn ọpọlọ, òun ló ń kọ oògùn. Psychologue ní tirẹ̀ ń wo bí èèyàn ṣe ń ronú, bó ṣe ń rántí, ohun tó ń bà á lẹ́rù, ìdí tó fi ń hu ìwà tó ń hù. Ọ̀rọ̀, ìbéèrè àti ìdánwò ló fi ń ṣiṣẹ́. Àwọn baba wa ti ń sọ̀rọ̀ orí inú àti ìwà tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n ọdún 1879 ni Wilhelm Wundt dá yàrá ìwádìí sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí ní Leipzig, ní Jámánì.

Ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀ o. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ń fi kọ́ àwa olùkọ́ ni ti ọmọdé. Jean Piaget, ará Súísì, ló ṣe ìdánwò kan tí ẹ lè ṣe nílé. Ẹ bu omi sí ife méjì tó dọ́gba, kí ọmọ ọdún 4 tàbí 5 rí i. Ẹ wá da ọ̀kan sínú ìgò tóóró, kí ẹ bi í pé èwo ló pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ wọn á ní ti inú ìgò ni. Ọmọ náà kò gọ̀, ọpọlọ rẹ̀ ni kò tíì dé ibẹ̀. Bó bá tó bí ọdún 7 sí 8, òun fúnra rẹ̀ á rí i. Pàṣán kò lè mú un yá. (Kí ẹ̀yin àgbà má rẹ́rìn-ín jù: bí wọ́n bá rọ epo pupa sínú ìgò gígùn tóóró, ojú tiwa náà máa ń rò pé ó pọ̀.)

Ẹ̀ka mìíràn wà fún ìrántí. Hermann Ebbinghaus ti fi hàn ní 1885 pé ẹ̀kọ́ tá a pín sí ọjọ́ púpọ̀ ń dúró lórí ju èyí tá a kó jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ. Ẹ̀yin tí ọmọ yín fẹ́ ṣe CEP, ẹ gbọ́ o.

Ó yá, ká wọ ọjà. Daniel Kahneman àti Amos Tversky yí àgbá kan níwájú àwọn èèyàn. Wọ́n ti ṣe é kó máa dúró lórí 10 tàbí 65 nìkan. Wọ́n wá bi wọ́n pé ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún àwọn orílẹ̀-èdè inú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló jẹ́ ti Áfíríkà. Àwọn tó rí 10 dáhùn ní nǹkan bíi 25; àwọn tó rí 65 dáhùn ní nǹkan bíi 45. Àgbá lásán ló fa èrò wọn! Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí yín nídìí aṣọ náà nìyẹn. Ìyá aláṣọ ní 8,000 sẹ́fà, ẹ ná an títí ẹ fi san 5,000, inú yín dùn, bẹ́ẹ̀ aṣọ náà kò ju 3,000 lọ. Ẹ ti mọ iye tí ẹ máa san kí ẹ tó kúrò nílé.

Èyí tó ká mi lára jù ni ẹ̀ka ìtọ́jú. Lẹ́yìn ìbímọ, ọ̀pọ̀ ìyá máa ń sunkún láìnídìí fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ ńkọ́? Tí ọmọ ń sùn tí ìyá kò rí oorun, tí oúnjẹ kò wù ú, tí kò fẹ́ gbé ọmọ mọ́ra, tó ń ní òun kò wúlò? Àìsàn nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe àjẹ́, ó sì ní ìtọ́jú. Ẹ sọ fún agbẹ̀bí lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, tàbí kí ẹ lọ ṣáájú ọjọ́ yẹn. Bó bá sọ pé òun fẹ́ kú, tàbí pé òun máa ṣe ọmọ ní jàǹbá, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ̀yin ọkọ àti ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ má bi í pé, "Kí ló dé tó o kàn ń jókòó?" Ẹ bi í pé, "Ṣé o rí oorun sùn lánàá?" Kí ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, kó lọ sùn.